Ọ̀gágun Tó Fẹ́ Di Ọ̀pọ̀lọ́

Ẹ̀yin ọ̀gágun tí ẹ ń gba orí omi lọ jagun, ẹ kú ewu òkun o, ẹ kú àṣejù. Ẹja mọ̀ pé inú ibú ni tòun, ewúrẹ́ mọ̀ pé orí ilẹ̀ ni tòun. Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń gbé ibi méjèèjì, òun náà kò sì ru ìbọn. Ẹ̀yin wá ru ìbọn, ẹ di ẹṣin mọ́ra, ẹ gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání, ẹ ní ẹ fẹ́ ti inú omi fò sórí ilẹ̀ onílẹ̀ kí onílẹ̀ tó jí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà. Ní ọdún 55 ṣáájú ìbí Jésù, Julius Caesar kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì sínú nǹkan bí 80 ọkọ̀, ó dorí kọ Bìrìtéènì. Ọkọ̀ tóbi, kò lè sún mọ́ èbúté. Àwọn ọmọ ogun wo omi, omi wo àwọn náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ bẹ́. Ìgbà tí ẹni tó gbé ère ẹyẹ idì ẹgbẹ́ kẹwàá bẹ́ sómi ni ojú tó ti àwọn yòókù. Àwọn ẹlẹ́ṣin ńkọ́? Ìjì ti dá wọn padà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, òṣùpá kún, òkun náà kún, ó sì fọ́ ọkọ̀ bàbá yángá. Ẹ ó ní ó ti gbọ́n lọ́dún kejì. Bàbá kó bí 800 ọkọ̀ padà wá, ó tún dá wọn dúró sétí òkun kan náà, ìjì sì gbé bí 40 lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn ogun ọ̀hún sílẹ̀. Ta ni yóò mú kálàmù kó pe ara rẹ̀ ní ẹni tí òkun nà?

Caesar ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ̀yin Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ lọ sí Tanga ní oṣù kọkànlá ọdún 1914, yín gan-an ni mo wá bá wí. Jámánì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Tanzania ló wà lónìí. Ọ̀gágun Aitken kó bí 8,000 ọmọ ogun wá láti Íńdíà. Àwọn tí wọ́n wá bá jà kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan lọ. Iṣẹ́ ti parí nìyẹn, àbí? Ọ̀gá ọkọ̀ ogun HMS Fox kọ́kọ́ wọ èbúté, ó lọ fi tó àwọn Jámánì létí pé àdéhùn àìbáraajà ti parí, kí wọ́n múra. Ó tún bi wọ́n bóyá wọ́n ti ri bọ́ǹbù sínú omi èbúté. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀tá ló bi! Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi ọkọ̀ gbálẹ̀ omi kiri, wọ́n ń wá bọ́ǹbù tí ẹnikẹ́ni kò rì. Lettow-Vorbeck, olórí ogun Jámánì, ń fi réluwéè kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bọ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ìbọn wá dún nínú oko, ilé oyin tó wà lórí igi dàrú. Oyin ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ èdè Jámánì, tọ̀tún tòsì ló ta. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fẹsẹ̀ fẹ jù. Àwọn kan nínú wọn wá ń sọ pé Jámánì ló fi okùn dẹ ilé oyin sílẹ̀ dè wọ́n. Àṣé ẹni tí ẹ rò pé kò gbọ́n tó láti purọ́ nípa bọ́ǹbù ló gbọ́n tó láti fi oyin ṣe ológun! Ìbọn 455 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún Lettow-Vorbeck, pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta àti ọta tó tó 600,000. Ó kó ẹ̀bùn rẹ̀, ó sì ń da ìgbà rú fún wọn títí di 1918. Ẹ̀rín dópin níbi tí àwọn òkú wà o, ó lé ní 300. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Íńdíà tí wọ́n há sínú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú ooru àti èébì, kí wọ́n tó jù wọ́n síbẹ̀.

Àwa náà kúkú ti mọ̀ yín látilé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1851, Kọ́ńsù Beecroft gbé àsíá funfun síwájú, ó kó àwọn ọkọ̀ tó ru ìbọn tẹ̀ lé e, ó ní òun ń bọ̀ wá bá Kòsọ́kọ́ ọba Èkó sọ̀rọ̀. Àwọn ará Èkó wo àsíá, wọ́n wo ẹ̀yìn àsíá, ẹ̀yìn àsíá ni wọ́n dá lóhùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà. Wọ́n tún dé ní oṣù kejìlá, ọkọ̀ Teazer sì lọ jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí iyanrìn ọ̀sà níwájú ìbọn àwọn ará Èkó. Lóòótọ́ wọ́n borí nígbẹ̀yìn, Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú, Akítóyè padà sórí oyè, ará Èkó sì ń pe ìjà náà ní ogun Àgídìngbí. Ṣùgbọ́n apẹja Ìsàlẹ̀ Èkó wo ni wọn ì bá bi tí kò ní mọ ibi tí omi ò ti jìn?

Ẹ kì í béèrè, ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú yín nìyẹn. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ sọ ọ́ láìbéèrè, ẹ ó pè é ní wèrè. Ní 1937, ọ́físà Amẹ́ríkà kan, Victor Krulak, rí ọkọ̀ àwọn ará Jàpáànì ní Shanghai. Iwájú rẹ̀ ń wó lulẹ̀, ọmọ ogun á sì rìn jáde. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó kọ ìwé mọ́ ọn, ó fi ránṣẹ́ sí Washington. Nígbà tó délé tó wá ìwé náà kàn, ẹnì kan ti kọ ọ́ sí i lára pé wèrè kan ní Ṣáínà ló kọ ọ́ wá. Nígbà tí ẹ wá ń wá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló gbà yín? Andrew Higgins ni, oníjàgídíjàgan New Orleans tó ń kan ọkọ̀ fún àwọn tó ń dẹ̀gbẹ́ tí wọ́n sì ń wa epo nínú irà Louisiana. Àwọn ọ̀gá yín kò fẹ́ rí i sójú. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló wá kan ọkọ̀ tó lé ní 20,000 fún yín.

Síbẹ̀, ẹ ò ní sinmi. Ní Normandy, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1944, ẹ fi tapólì yí táńkì ká, ẹ ní kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sójú ogun. Ìgbì ń ru gùdù. Ẹ ju 29 sómi níwájú etí òkun Omaha, 27 lọ sísàlẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ọlọ́dún márùn-ún ì bá sọ fún yín pé aṣọ kì í sọ irin di ẹja.

Kiska ló wá dé gbogbo rẹ̀ ládé. Erékùṣù kan ni ní Alaska, kùrukùru kì í fi bẹ́ẹ̀ ká níbẹ̀, àwọn ará Jàpáànì sì gbà á ní 1942. Ní oṣù keje ọdún 1943, àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà rí nǹkan lójú rédà, wọ́n rọ òjò ọta lé e lórí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọjọ́ kejì sí ìgbà náà, ọkọ̀ àwọn ará Jàpáànì yọ́ wọlé nínú kùrukùru, wọ́n kó èèyàn wọn tó lé ní 5,000 láàárín wákàtí kan, ó dìgbà. Fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ ń ju bọ́ǹbù lu ilé òfìfo. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, bí 34,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti Kánádà gòkè tìjàtìjà. Wọ́n rí òjìji ara wọn nínú kùrukùru, wọ́n yìnbọn fún ara wọn, àwọn mìíràn sì tẹ bọ́ǹbù tí onílé fi sílẹ̀. Ogun tí kò lọ́tàá wá lókùú. Ajá mélòó kan ló jáde wá pàdé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ta nínú yín ni wọ́n túúbá fún?