Ta Ló Gbé Sẹ́ńsọ̀ Pamọ́ Síbẹ̀?

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Fate! Nǹkan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló ń bá mi mu epo. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa sọ fún brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bí omi inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Tèmi ti ya òpùrọ́. Nínú ooru Ìlọrin yìí, lọ́sàn-án gangan, á ní ọyẹ́ ń mú ẹ́ńjìnnì. Brain box á gbà á gbọ́, á sì máa da epo sí i. Píkọ́ọ̀pù arúgbó mi wá ń tú èéfín dúdú láti Fate dé Tanke, àwọn ọlọ́kadà ń gbé mi ṣépè. Ayé ìgbà tí lítà epo kò tíì pé 200 náírà ni, ǹ bá panu mọ́. Ṣùgbọ́n látìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ owó epo ti lọ, tí lítà kan fò kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ta ló lówó tí yóò fi bọ́ òpùrọ́?

Mẹkáníìkì ní, "Alájì, ẹ fọkàn balẹ̀." Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àpò mi ni mo máa ń dì mú. Ó pe réwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀. Réwáyà wo ibi tí rọ́bà ńlá òkè rédíétọ̀ ti wọ ẹ́ńjìnnì, ó rí ọ̀kan, ó pààrọ̀ rẹ̀. Géèjì mi tó ti kú tipẹ́ jí dìde. Èéfín ò dín. Àṣé méjì ni wọ́n! Oníwáyà kan ló ń ṣiṣẹ́ fún géèjì, oníwáyà méjì ló ń bá brain box sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì há sábẹ́ ibi tí ọwọ́ ẹlẹ́ran ara ò lè dé. Ẹni tó fi í síbẹ̀, Ọlọ́run ń wò ó.

Mítà lásán ni à bá fi dá òpùrọ́ náà mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí, bí omi bá wà ní 20°C, sẹ́ńsọ̀ tó yè á ka nǹkan bí 2,000 sí 3,000 ohm. Bó bá gbóná dé 80°C, á já wá sí bíi 300. Mítà wà nínú àpò réwáyà o! Gílóòbù tó so mọ́ wáyà ló ń fi tọ́ brain box mi wò, èyí tó lè jó o.

Wọn ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí wọ́n tó tú sẹ́ńsọ̀ náà. Omi gbígbóná tú jáde, gbogbo wa fẹsẹ̀ fẹ. Ike ẹnu wáyà tó ti gbó kán sí wọn lọ́wọ́. Téèpù dúdú ló dì í mú báyìí.

Tuntun wọlé, èéfín dín, epo ṣì ń lọ. Ẹ gbọ́ ìdí: ẹ́ńjìnnì tutù lóòótọ́! Mẹkáníìkì ti yọ tẹ́mósítáàtì tipẹ́, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, àwọn òyìnbó ló nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń sé omi mọ́ ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná dé bíi 82°C. Mo ní kó dá a padà. Ó ní ọmọṣẹ́ òun ti tà á mọ́ irin àlòkù. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Alájì, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ sẹ́ńsọ̀ yẹn náà."