Igi Sapele Kọ́ Ló Ń Dún

Mo jẹ́wọ́: ìgbéraga ará àdúgbò ló kó bá mi nínú ọ̀ràn gìtá. Láti Ugbuwangue ní Warri, Sapele kò jìnnà, igi tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà sì ni ilé iṣẹ́ Taylor ní Amẹ́ríkà fi ń ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ gìtá. Ni mo bá ń pariwo kiri pé Delta ló ń dún nínú gìtá òyìnbó. Gìtá tí mo bá rí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń kàn bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna, màá sì mi orí bí ọ̀mọ̀ràn.

Ojú gìtá ló yẹ kí n máa wò. Okùn tínrín jù láti ti afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Gbígbọ̀n rẹ̀ ń gba orí igi kékeré tó gbé e dúró wọ pákó ojú gìtá, pákó yìí ló wá ń ti afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá igi tó fúyẹ́ tó sì le, bíi spruce, fún un. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ náà níṣẹ́: bó bá nípọn jù, ohùn á há, bó bá tínrín jù, okùn á fa ojú náà wú. Ní 1862, Antonio de Torres ará Sípéènì fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ gìtá kan, ó fi igi gidi ṣe ojú, láti fi hàn pé ojú lọ̀gá. Páálí o!

Ẹ lè ní gìtá kan kò tó ẹ̀rí. Ó dáa. Ìwádìí Yunifásítì Lancaster jáde ní 2018: gìtá 6 tí ètò wọn bára mu, igi ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ nìkan ló yàtọ̀, Sapele wà níbẹ̀, igi olówó gọbọi ilẹ̀ Brazil náà wà níbẹ̀. Onígìtá 52 fi awò dúdú tí wẹ́dà ń lò bojú kí wọ́n tó ta wọ́n. Ìdíyelé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ṣé igi kò wá já mọ́ nǹkan kan ni? Rárá. Ojú tí kò dáa, kò sóhun tí ẹ̀yìn lè ṣe sí i. Igi sì máa ń mu omi: nínú ọ̀rinrin Warri, ojú gìtá á wú, okùn á ga kúrò lára ọrùn, ohùn á rọ. Okùn tuntun ni mò ń rà sí i, nígbà tó jẹ́ pé àpótí tó dé dáadáa ni gìtá ń fẹ́.