Ẹ̀gbọ́n Wa Tó Ń Fi Ìyẹ́ Adìẹ Wá Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjà o, ẹ kú ariwo. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Mo mọ̀ pé "Kí lo wí?" lẹ máa fi dá mi lóhùn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ọjà Assigamé lè bá yín kà á.

Ẹ má bínú, ẹ ṣeun fún ìròyìn alaalẹ́: tẹlifíṣọ̀n yín ni gbogbo àdúgbò fi ń gbọ́ ọ. Oníbàárà ní kí ẹ gé yáàdì mẹ́fà, ẹ gé mẹ́wàá, ẹ tún ní òun ló ń kùn sẹ́nu. Gbogbo Lomé ló ń kùn sẹ́nu, ẹ̀yin nìkan lẹ sọ̀rọ̀ tó já gaara!

Ìyẹ́ adìẹ yẹn ńkọ́? Ẹ ó jókòó sẹ́nu ìsọ̀, ẹ ó tì í bọ etí, ẹ ó dijú, ẹ ó máa yí i bí ẹni ń ro àmàlà. Ìdọ̀tí ló dí i, àbí? Ẹ̀gbọ́n, nǹkan bíi sẹ́ẹ̀lì onírun tín-tìn-tín 15,000 ló wà nínú etí kọ̀ọ̀kan lọ́hùn-ún tó ń gba ohùn fún ọpọlọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tíńrín kan ṣoṣo ló ń bọ́ wọn, kò ní adelé. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru, súgà tàbí sìgá bá ba iṣan yẹn jẹ́, ebi á pa wọ́n, èyí tó bá sì kú kì í hù mọ́. Ìyẹ́ adìẹ wo ló fẹ́ débẹ̀?

Ẹ ní àgbà ló dé. Ó dáa. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, dókítà etí kan láti New York, Samuel Rosen, lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Mabaan ní Sudan ìgbà yẹn. Ó bá àwọn arúgbó tí etí wọn ṣì ń gbọ́ dáadáa, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn kò ga ju ti ọ̀dọ́ lọ. Lóòótọ́, abúlé wọn dákẹ́ rọ́rọ́, ìyẹn náà ní ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ọ̀rọ̀ etí kò yà sọ́tọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọkàn. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ kó tó tọ́ ọ wò, bí ẹ ti ń ṣe sí ọbẹ̀ adémè. Ariwo pàápàá máa ń gbé ìfúnpá sókè, ẹ̀yin tí ẹ kì í kúrò nídìí gbohùngbohùn ilé ọtí ní Dékon!

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ti òru. Nǹkan ń lù kì-kì-kì létí yín, ó ń bá ọkàn yín rìn, ẹ ní aládùúgbò ló ń gúnyán. Láago méjì òru? Nígbà mìíràn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń ké sí dókítà bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo etí dídi ni ọkàn fà o. Ṣùgbọ́n ẹ gun ọ̀kadà zémidjan lọ sí ilé ìwòsàn CHU Sylvanus Olympio, kí wọ́n yẹ etí wò, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá. Bó bá ń dé 140/90 lemọ́lemọ́, ẹ gba oògùn, kí ẹ sì máa lò ó. Bí etí kan bá sì ṣàdédé di, ẹ má dúró dọ̀la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa ka lẹ́tà yìí, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ bá sún mọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, kó jọ̀ọ́ bá mi pariwo rẹ̀ sí wọn létí ọ̀tún. Ìyẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀.

Èmi àbúrò yín.