Ọ̀gbẹ́ni Mo-Ti-Débẹ̀ ní Póláǹdì

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ìlú London ló ń gbé, ó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kò sì pẹ́ tó gbọ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti Luton sí Kraków lè kéré sí owó oúnjẹ alẹ́ ẹni méjì nígbà mìíràn. Báàgì ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni ẹrù rẹ̀, nítorí bàálù olówó pọ́ọ́kú kì í gbé àpótí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní òun fẹ́ dá rìn kí òun lè jókòó ti ara òun. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, títí kan mẹkáníìkì tó tún mọ́tò rẹ̀ ṣe lọ́dún tó kọjá, ló ń bá a jókòó ti ara rẹ̀ lórí WhatsApp láti ìdájí.

Mo-Ti-Débẹ̀ ni mo máa ń pè é, torí gbólóhùn yẹn gan-an ló ń wá kiri. Ìrìn-àjò fúnra rẹ̀, owó tó san kí ó lè rẹ́nu sọ ọ́ ni.

Aago méje àárọ̀ bá a ní Rynek Główny, gbàgede ọjà Kraków tí wọ́n ti là sílẹ̀ láti 1257, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba mítà. Ẹyẹlé ló pọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn, àtàwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta obwarzanek, búrẹ́dì róbótó oníhò láàárín tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bọ̀ nínú omi gbígbóná kí wọ́n tó yan án. Ó ra ọ̀kan. Ó nà án sókè kí ilé ìṣọ́ ìjọ Màríà lè gba inú ihò rẹ̀ yọ. Oòrùn kò dára tó. Ó sún sápá òsì, ó tún un yà. Nígbà tó fi máa rí fọ́tò tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, búrẹ́dì ti ń le.

Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru, panápaná kan máa ń fun fèrè láti orí ilé ìṣọ́ yẹn. Orin náà kì í parí. Á kàn já lójijì, nítorí ìtàn ìlú sọ pé ọfà àwọn Tatar ló wọ ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó ń fun ún láti ta aráàlú jí láyé àtijọ́. Ọ̀gbẹ́ni wa ká a sínú fídíò. Orin já. Ó gbọn fóònù. Panápaná lọ sójú fèrèsé kejì, ó fun ún, ó tún já níbi kan náà. Fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti ń fun ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó kọ sábẹ́ fídíò ni pé: “Ẹ má bínú o, netiwọ́ọ̀kì ibí yìí ò dáa rárá.”

Pẹpẹ onígi tí Wit Stwosz fi nǹkan bí ọdún méjìlá gbẹ́, láti 1477 sí 1489, wà nínú ìjọ náà. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn tó wá wòran yàtọ̀ sí ti àwọn tó wá gbàdúrà, wọ́n sì ń gbowó níbẹ̀. Ìta ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìta ló sì dúró sí.

Lọ́sàn-án, ó wọ bar mleczny, irú búkà tí ìjọba Póláǹdì ti ń dá owó sí láti ayé Kọ́múnísìtì kí mẹ̀kúnnù lè rí oúnjẹ jẹ. Èèyàn á sanwó lọ́dọ̀ akọ̀wé owó, á gbé rìsíìtì lọ sójú fèrèsé, á dúró dìgbà tí wọ́n bá pariwo oúnjẹ rẹ̀, á jẹ, á dá abọ́ padà. Ó rí flaki lára pátákó oúnjẹ, ó bi Google, Google ní inú màlúù ni. Ló bá ya pátákó náà: “Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń jẹ níbí o!” Ọmọ tí wọ́n fi ṣàkì tọ́ dàgbà ní Mushin.

Żurek ló padà rà. Wọ́n máa ń po ìyẹ̀fun ọkà rye mọ́ omi, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó kan, wọ́n á wá fi omi rẹ̀ se ọbẹ̀, pẹ̀lú sọ́sééjì àti ẹyin. Ó tọ́ ọ wò, ó sì fajú ro fún kámẹ́rà, bí ẹni tí kò mu omidùn rí láyé ẹ̀. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún.

“Ẹ káàsán mà.”

“Àkànní mi. Ta ló ń pariwo lẹ́yìn rẹ yẹn?”

“Àwọn olóúnjẹ ni mà. Mo wà ní Póláǹdì.”

“Póláǹdì? Ta lo lọ kí níbẹ̀?”

“Kò sí mà. Mo kàn wá wo ìlú ni.”

“Ìwọ àti ta?”

“Èmi nìkan mà.”

Ìyá rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀. “Kò burú. A ṣì ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn.”

Mi ò lè dá ìyá náà lẹ́bi.

Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Warsaw ní wákàtí méjì ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Oorun ló sùn débẹ̀. Ní Ìlú Àtijọ́, ó fọwọ́ kan ògiri, ó sì kọ ọ́ pé: “Òkúta yìí ti rí ẹgbẹ̀rin ọdún!” Àwọn ọmọ ogun Jámánì ló sọ àdúgbò náà di àwókù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Aráàlú ló ṣa bíríkì jọ, tí wọ́n tún un kọ́, tí wọ́n tilẹ̀ ń wo àwọn àwòrán tí Bellotto yà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún kí wọ́n lè mọ bí ilé ṣe rí tẹ́lẹ̀. Àtúnkọ́ yẹn gan-an ló mú kí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1980. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń fọwọ́ pa lórí yẹn, ìyá àgbà rẹ̀ dàgbà jù wọ́n lọ.

Lẹ́yìn náà ló gun Ààfin Àṣà àti Sáyẹ́ǹsì, ilé gogoro tí Soviet Union fi ta wọ́n lọ́rẹ, tí wọ́n parí ní 1955. Àwọn ará Warsaw máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé kò síbi tí ìlú ti lẹ́wà tó orí rẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan lèèyàn ò ti ní rí ààfin náà. Láti òkè níbẹ̀, Mo-Ti-Débẹ̀ kéde fún gbogbo ayé pé òun ni ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ tẹ Warsaw. Àtẹ́wọ́ rọ̀jò.

Nísàlẹ̀, láàárín ìlú kan náà, òkúta ìrántí kan wà tí wọ́n ṣí ní 2019. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni August Agboola Browne. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1895. Ó dé Póláǹdì ní 1922, ó di onílù jáàsì, ó fẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, ó sì bímọ síbẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù tó kọ ní 1949 fún ẹgbẹ́ àwọn tó jagun, ó sọ pé òun wà lára àwọn tó gbé ìbọn dojú kọ Jámánì nígbà tí Warsaw dìde ní 1944, Ali sì ni orúkọ ogun òun. Ọ̀gbẹ́ni wa fẹ̀yìn ti òkúta náà nígbà tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta pierogi lórí máàpù.

Gdańsk ló kàn láàárọ̀ ọ̀la. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ sábẹ́ fọ́tò ère Neptune, òrìṣà òkun, ti wà nínú fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì: “Mo dúró ti Neptune, mo ń wo òkun, ọkàn mi balẹ̀.” Àárín ilé ni Neptune yẹn wà, lójú Długi Targ. Èèyàn kì í rí òkun láti ibẹ̀.