Ìgbìmọ̀ Abẹ́ Agboòrùn

Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 ló ń yan yunifásítì tí yóò du ife bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbá. Ní 2023, Florida State borí nínú gbogbo eré 13 tó gbá kí ìgbìmọ̀ tó yàn, síbẹ̀ wọ́n já a sílẹ̀. Ẹ dán irú ẹ̀ wò ní Mushin, bóyá ìgbìmọ̀ ọ̀hún á rí ọ̀nà dé Ojúẹlẹ́gba!

Lábẹ́ agboòrùn oníwèé-ìròyìn ní Yaba, tọ́rọ̀ bá kan HiFL, ìdíje bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbogbo ayé ni ìgbìmọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, UNILAG Marines ló yẹ kó wọ àṣekágbá!”

“Ta ni wọ́n nà?”

Ẹnìkan rán wọn létí pé UAM Tillers láti Makurdi ló gba ife HiFL ní 2018, àwọn náà ló tún gbà á ní 2019. “Òjóró ni!” lẹlòmíràn fi dáhùn. Kò wo bọ́ọ̀lù náà o. Oníwèé-ìròyìn ní kí wọ́n tiẹ̀ ra ìwé kan. Ibẹ̀ nìkan lohùn wọn ti ṣọ̀kan: kò sẹ́ni tó rà.