Ìdérí Ìkòkò Ìyá Oníṣu àti Àwọn Ará Máàsì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ o, torí mi ò fẹ́ kí lándílọ́ọ̀dù gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi. Ìdérí ìkòkò Ìyá Oníṣu, èyí gbàgẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń se iṣu fún àwọn lébìrà tó ń kọ́lé lọ́nà Eputu, ó ti di ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọkọ̀ òfuurufú. Ó já àwọn ará Máàsì sílẹ̀ nínú agboolé wa níbí ní Lakowe, gbogbo wa jókòó lórí àga onírọ́bà, a fojú ara wa rí i pé ìdérí ìkòkò ni, síbẹ̀ Bàbá Onítáyà di ọwọ́ ìyàwó wọn mú. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Nǹkan mìíràn tó lè mú kí wọ́n di ọwọ́ ìyàwó wọn mú ní gbangba, mi ò tíì rí i.

Ọmọ lándílọ́ọ̀dù tó ń ṣe sáóńdì ní ṣọ́ọ̀ṣì ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó pè wá jọ sábẹ́ igi àgbọn, ó ní òun fẹ́ ṣe eré kan fún wa, eré àwọn ará òkè sánmà, àmọ́ kò ní sí aṣọ eré, kò ní sí àtíkè lójú, ẹnikẹ́ni kò sì ní bọ́ sójú agbo jó. Àwọn òṣèré á dúró nídìí máìkì, ìwé lọ́wọ́, wọ́n á máa kà á bí ẹni pé orí rédíò ni wọ́n wà. Etí la ó fi gbọ́ ọ. Ìyá Oníṣu, tí ẹnu wọn kì í gba ìjókòó, wá bi í pé: “Bí a kò bá ní wò ó, kí la fẹ́ wá jókòó síwájú yín ṣe?”

Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Ó kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé nílùú òyìnbó, wọ́n ń sanwó wọlé fún irú ẹ̀. Òótọ́ sì ni, mo ti wádìí ẹ̀. Eré kan wà tí Douglas Adams kọ fún rédíò BBC ní 1978, *The Hitchhiker's Guide to the Galaxy*, níbi tí wọ́n ti wó ilé ayé tá a wà yìí dànù torí pé ó dí títì tí wọ́n fẹ́ là gba ojú ọ̀run. (Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri yín létí títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.) Nígbà tó di 2012, àwọn òṣèré tó ti ń ṣe é látìgbà èwe wọn, tí orí wọn ti funfun, kó ìwé wọn dání, wọ́n ń gbé e káàkiri gbọ̀ngàn eré ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èrò sì ń jókòó wo àgbàlagbà tó ń kàwé. Mo sọ èyí fún Ìyá Oníṣu. Wọ́n ní òyìnbó kò níṣẹ́ ṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí olófòófó tó ju mi lọ wà láyé. Lọ́jọ́ Sunday, 30 Oṣù Kẹwàá, 1938, ọmọkùnrin kan, Orson Welles, ọmọ ọdún 23 péré, kó ẹgbẹ́ eré ẹ̀ wọ ilé-iṣẹ́ rédíò CBS ní New York. Ìtàn ará Máàsì tí H. G. Wells ti kọ láti 1898 ni wọ́n fẹ́ ṣe. Howard Koch tún un kọ fún rédíò, ó sì sọ ọ́ di ìròyìn: orin ijó á máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́, oníròyìn á já a gbà pé nǹkan kan ti já bọ́ láti ojú ọ̀run sínú oko kan ní Grover's Mill, ní New Jersey. Frank Readick tó ṣe oníròyìn ti kọ́kọ́ lọ tẹ́tí sí ohùn Herbert Morrison, oníròyìn tòótọ́ tí ẹkún gbà lẹ́nu nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Hindenburg gbiná ní 1937. Ó kó ìgbe yẹn bó ṣe wà.

Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé eré ni o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kò sí níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ibi tí wọ́n wà? Wọ́n wà lórí ilé-iṣẹ́ kejì, wọ́n ń gbọ́ Edgar Bergen, ọkùnrin tó ń mú ọmọlangidi sọ̀rọ̀ láì la ẹnu tiẹ̀. Lórí rédíò! Ta ló rí i bóyá ó la ẹnu àbí kò là á? Mo ti rò ó títí, orí mi kò gbé e. Ọkùnrin tí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ pé kí ètè má mì, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí ètè ló ti là.

Ẹ padà wá sọ́dọ̀ àwọn ará Máàsì. Àwọn kan sá jáde nílé lálẹ́ ọjọ́ náà lóòótọ́. Ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì wá sọ ọ́ di pé gbogbo Amẹ́ríkà ló sá. Iyọ̀ pọ̀ nínú ìyẹn. Rédíò ń gba owó ìpolówó lọ́wọ́ wọn, inú ń bí wọn, wọ́n sì rí ibi tí wọ́n á ti gbẹ̀san. Èmi tí mo wà nídìí òwò ọ̀rọ̀ sísọ yìí, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń bu iyọ̀. Àmọ́ ti Quito, ní Ecuador, kò ṣe é fi ṣàwàdà. Ní 12 Oṣù Kejì, 1949, Radio Quito ṣe irú eré kan náà. Nígbà tí àwọn ará ìlú gbọ́ pé irọ́ ni, wọ́n dáná sun ilé tí rédíò náà àti ìwé ìròyìn El Comercio jọ wà. Ó kéré tán, èèyàn 6 ló bá a lọ.

Bẹ́ẹ̀, ẹ mọ bí ohùn ọkọ̀ ará Máàsì ti 1938 yẹn ṣe jáde? Obìnrin ni ọ̀gá àwọn tó ń dá ariwo ní CBS, Ora Nichols lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ní inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n gbé ìgò kan wọ̀, tí wọ́n sì rọra ń yí ìdérí ẹ̀, torí ibẹ̀ ni ohùn ti ń ké padà dáadáa. Ìgò nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ títí dòní! Tó bá jẹ́ pé àwọn ará Grover's Mill wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n rí ìgò náà bó ṣe ń wọlé, ta ni ìbá sá? Kò sẹ́ni tí ìbá sá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀rù ìbá bà wọ́n, torí mo ti rí i nínú agboolé wa. Ẹni tó wà nílé tó ń gbọ́, wọ́n tàn án ni. Ẹni tó jókòó tó ń wo ọwọ́ tó ń purọ́ náà, òun fúnra ẹ̀ ló yọ̀ǹda etí ẹ̀, kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹ má sì sọ pé òyìnbó nìkan ló mọ ará òkè sánmà. Ọdún 1938 yẹn kan náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà jáde. Ámósì Tutùọlá ńkọ́? Ní 1954, nínú *My Life in the Bush of Ghosts*, ó kọ nípa iwin obìnrin kan tó ní tẹlifíṣọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́. Ó na ọwọ́ náà sí ọmọkùnrin inú ìtàn, ọmọ náà sì rí ìyá ẹ̀ nílé. WNTV Ìbàdàn, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ wa, kò bẹ̀rẹ̀ títí di 31 Oṣù Kẹwàá, 1959. Ẹ wá wo ọwọ́ ara yín báyìí. Ṣé kì í ṣe ìyá yín lẹ ń rí níbẹ̀ tí wọ́n ń bi yín ìgbà tẹ́ ẹ máa wálé? Níbo sì ni bàbá tó rí èyí ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà? Ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba! Wọn ò gbé máìkì fún un o. Sítọ́ọ̀ ni wọ́n ní kó máa ṣọ́. Ọlọ́run ló mọ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ níbẹ̀. Òṣèré orí ìtàgé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ló wá ràn án lọ́wọ́ ní 1963, ó gbé ìtàn ọ̀mùtí tí Tutùọlá kọ sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn èrò rí ìlú àwọn òkú láì kúrò lórí àga.

Ó dáa, alẹ́ ọjọ́ eré. Ọmọ lándílọ́ọ̀dù to pálapàla sórí tábìlì: páànù kan fún àrá, ọ̀rá píọ́ wọ́tà fún iná tó ń jó, èèpo àgbọn méjì fún pátákò ẹṣin. Mo ní kí ni ẹṣin ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ará Máàsì. Ó ní àgbọn ló pọ̀ nílé. Òjò ńkọ́? Òyìnbó ń da ìrẹsì sórí atẹ ni. Ní iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì yìí? Yanrìn la lò, èyí tí Ọlọ́run fún Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan lándílọ́ọ̀dù rèé, kí ẹ rọra gbọ́ ọ. Ọmọ náà ti kà á pé ní 1963, Brian Hodgson ti BBC mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá ẹ̀, ó fi ń ha okùn dùùrù àtijọ́ kan, ibẹ̀ ló sì ti rí ohùn ọkọ̀ inú eré tẹlifíṣọ̀n *Doctor Who*. Òun náà bá mú kọ́kọ́rọ́ géètì bàbá ẹ̀, ó fi ń ha irin fèrèsé. Ohùn náà dùn, mi ò purọ́. Eyín kọ́kọ́rọ́ náà ló parẹ́. Láti ọjọ́ náà ni lándílọ́ọ̀dù ti ń bi gbogbo ayálégbé pé ta ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ayédèrú ba géètì òun jẹ́.

Eré bẹ̀rẹ̀. Nǹkan já bọ́ láti ojú ọ̀run sínú ọ̀sà lẹ́yìn Lakowe. Ìyá onídìrì agboolé wa ló ṣe ará Máàsì: wọ́n ki orí bọ inú àmù, wọ́n ń fi ọ̀fun sọ̀rọ̀ bí eégún tó ń kí èèyàn. Bàbá àgbà tó wà lẹ́yìn gbọ́ “ará ọ̀run”, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bi wá pé eégún ilé ta ni. Àwọn tírélà tó ń lọ sí ọ̀nà ilé ìfọpo Dangote ń kọjá lójú títì, ilẹ̀ ń mì tìtì, gbogbo wa rò pé ó wà nínú ìwé. Ni jẹnẹrétọ̀ bá kú.

Òkùnkùn biribiri, máìkì dákẹ́. Mo rò pé ó parí. Àmọ́ páànù kì í mu epo bẹntiróòlù. Wọ́n tan fóònù sórí tábìlì, wọ́n ń bá a lọ, ohùn wọn kéré, àwa náà bá ń fa àga sún mọ́ wọn títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wa. Ó kan ibi tí ọkọ̀ máa ṣí. Ọmọ náà gbé ìdérí ìkòkò, ó ń fì í gẹrẹgẹrẹ bí ẹni tó ń ṣeré òṣùpá. Ìyá Oníṣu kò lè fara dà á. “Gbé e wá! Báyìí ni wọ́n ń ṣí ìkòkò?” Wọ́n dìde, wọ́n gbá ìkòkò mọ́ àyà, wọ́n fi etí ìdérí rin ẹnu ìkòkò náà yíká, díẹ̀díẹ̀. Kíríííí. Iná fóònù wà lọ́wọ́ wọn, a ń wò ó. Irun ọrùn mi dìde. Ìgbà yẹn ni Bàbá Onítáyà di ọwọ́ ìyàwó wọn mú.

Nínú ìwé H. G. Wells, kòkòrò àìfojúrí ló pa àwọn ará Máàsì. Ní Lakowe, ẹ̀fọn ni. Bí wọ́n ṣe ka ibẹ̀ báyìí, gbogbo èrò ń gbá ẹsẹ̀, wọ́n ń gbá ọrùn, pàá, pàá, pàá, ẹ̀fọn tòótọ́ ni wọ́n ń pa, ará Máàsì onínú àmù náà ń kérora, ó ń kú lọ. Kò sí máìkì, kò sí ẹni tó ní ká ṣe é. Ọmọ lándílọ́ọ̀dù sọ pé òun kò lè rí irú ariwo bẹ́ẹ̀ dá lórí tábìlì láéláé.

Wọ́n ti ń múra èkejì báyìí. Wọ́n fẹ́ ṣe irú ìtàn *Lagoon* tí Nnedi Okorafor kọ ní 2014, níbi tí àwọn àjèjì ti bọ́ sínú òkun ní Bar Beach, tí ọ̀kan nínú wọn di obìnrin, tí wọ́n sọ ọ́ ní Ayọ̀délé. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá onídìrì ní àwọn ti ṣe ará Máàsì, ẹ̀tọ́ àwọn ni. Ìyá Oníṣu ní bí kò bá jẹ́ àwọn ni Ayọ̀délé, ìkòkò àwọn kò ní jáde nílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ gbé àga yín dání, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín pé wọn ò gbọ́dọ̀ pa ẹ̀fọn kankan títí wọ́n á fi ka ibẹ̀.