Ẹ Má Jẹ́ Kí Bùọ̀dá Tàn Án

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fowó ránṣẹ́ láti Àbújá. Ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ó ti dé ọdún àṣekágbá. Ìwádìí tó fẹ́ ṣe lórí kajú tí àwọn àgbẹ̀ Ìjùmú ń kó lọ́dọọdún sì gba pé kó máa kọ prógíráàmù mọ́jú. Láptọ́ọ̀pù tí owó náà ká kò lágbára. Èyí tó lágbára, owó náà kò ká a. Mo ní kí wọ́n kó o wá, pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló kàn. Ní agboolé wa ní Ekinrin-Adde, ní Ìjùmú, bí rédíò bá dákẹ́, èmi ni wọ́n ń pè. Bí fóònù bá ń ya wèrè, èmi náà ni. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ.

Mo forí lé Computer Village ní Ìkẹjà. Níbẹ̀, "Core i5! Core i5!" ni gbogbo ẹnu ń ké, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti Intel, àfi bíi pé i5 kan ṣoṣo ló wà láyé. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló lọ̀rọ̀: i5-2400, ìran kejì ni, 2011 ló jáde; i5-8400, ìran kẹjọ ni. Windows 11 kì í sábà gba ohun tí kò bá tó ìran kẹjọ nínú ti Intel, Microsoft sì ti jáwọ́ nínú títọ́jú Windows 10 láti oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ògbólógbòó wọ̀nyí rọjú. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tó ń kọ Python fẹ́ fi Windows ṣe? Ubuntu wà, tí ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, dá sílẹ̀ ní 2004. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í bínú sí arúgbó ẹ̀rọ. Mo mú ìran kejì. Mo ní kí wọ́n yọ háàdì díìsìkì kúrò, kí wọ́n fi SSD rọ́pò rẹ̀, kí RAM sì pé 8GB. Ọmọkùnrin tó ń tà á wò mí tìyanutìyanu.

"Ọ̀gá, ẹ mọṣẹ́ o. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni. A ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀."

"Ẹ mọṣẹ́ o" yẹn ló pa mí.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ wálé, láti Kàbà, orí ọ̀kadà ni mo ti gbé CPU mọ́yà bí ọmọ tuntun, tí àwọn èèyàn ń kí mi ní "Okun o!" lójú ọ̀nà. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, pálọ̀ ìyá mi ti kún. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gba àga tó sún mọ́ tábìlì jù. Àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀ yí àwo ṣinṣín ká. Iná ìjọba pàápàá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lókun nínú: ojú sìtábíláísà mi fi hàn pé fóltì 140 ló ń wọlé. Èyí kò bà mí lẹ́rù, nítorí mo ti pèsè sílẹ̀. Sìtábíláísà yóò gbé e dé 230, kò ní jẹ́ kí ohunkóhun ṣe kọ̀ǹpútà ọmọ wa.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ àsọyé. Mo ṣàlàyé ìran kejì, mo ṣàlàyé ìran kẹjọ. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ń wo nǹkan.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo..."

"Fara balẹ̀ ná."

"Bùọ̀dá, 115 ni wọ́n kọ síbí o."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n fowó rán ni, àbí èmi?"

Ó dákẹ́. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Mo wá ní kí ìyá mi dìde wá tẹ súìṣì ara ògiri, kí wọ́n fi ìka àgbà súre fún un. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n gbàdúrà, àdúrà náà sì gùn. A ṣe àmín. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Gbàù!

Iná bùlúù kan bẹ́ yọ lẹ́yìn CPU, èéfín tẹ̀ lé e, ilé ṣókùnkùn biribiri. Òórùn kan tí n kò lè ṣàpèjúwe gba pálọ̀ kan. Àwọn ọmọdé sá jáde, àwo ṣinṣín náà sì bá wọn lọ. Nígbà tí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì, ìyá mi ṣì na ìka sókè.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń tan án nìyẹn?"

Tíṣà àgbà dáhùn ṣáájú mi: "Ó tàn, Ìyá. Mo rí i."

Fíúsì gbogbo agboolé ló lọ. Ọkùnrin kan tó ń wo bọ́ọ̀lù ní yàrá kejì jáde wá béèrè ẹni tó ṣe é, gbogbo ọwọ́ sì nà sí mi, tìyá mi ló ṣíwájú.

Bọ́tìnnì pupa kékeré kan, tí wọ́n kọ 115 sí apá kan, 230 sí apá kejì, ló wà lẹ́yìn páwà pákì, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Iná 120 ni Amẹ́ríkà ń lò; tiwa tó 230. Nínú páwà pákì náà, kàpásítọ̀ méjì ló wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í sábà lè gbà ju 200 lọ. Bí bọ́tìnnì bá wà ní 230, àwọn méjèèjì ni yóò pín iná náà láàárín ara wọn. Bó bá wà ní 115, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò gba odindi iná náà, bí korobá méjì tí a pọn kún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ká tó gbé wọn gun ara wọn. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 170 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí góńgó iná máa ń ga ju iye tí a ń pè é lọ. Pẹ̀lú 230 tiwa, 325 ló kàn wọ́n. Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn mí jù: ká ní mo gbé e sórí 140 aláìlera tó ń wọlé, nǹkan bí 198 ni ì bá kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bóyá ì bá yè é! Sìtábíláísà tí mo fowó ara mi rà ló sọ iná di alágbára tó fi lè pa á.

Mo pe ọmọkùnrin tó tà á. Ó ní, "Ọ̀gá tó mọṣẹ́ bíi tiyín, ẹ ò wo ẹ̀yìn ẹ̀ ni?" Inú bí mi gan-an, ó ṣì ń bí mi. Kí ló fi tẹ́ẹ̀sì ẹ̀? Bó bá ki í bọ iná rí ní Ìkẹjà, òun ni ì bá kọ́kọ́ gbọ́ gbàù. Ẹnu lásán ló fi tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, ó gbowó lọ́wọ́ wa, owó tí ẹ̀gbọ́n mi fi ìyà ṣa jọ, ó sì tún ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà ló tú u. Páwà pákì nìkan ló kú. Bọ́ọ̀dù àti SSD wà láàyè. Nítorí pé táwà tó wọ́pọ̀ ni mo rà, tí kì í ṣe pẹlẹbẹ tó ń lo páwà pákì tirẹ̀ nìkan, ó rí òmíràn ní Kàbà, ó tú ìdè mẹ́rin, ó dì í padà. Tuntun yìí kò ní bọ́tìnnì rárá. Láti 100 títí dé 240, ó mọ èyí tó ń jẹ. Ubuntu ti wọlé, iṣẹ́ kajú ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iná kò bá sí, ó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré àdúgbò.

Ó kù kí wọ́n ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi ti fowó ránṣẹ́, tààrà sínú àkáǹtì ọmọ rẹ̀. Ìyá mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí ọmọ náà lọ rà á fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má gbàgbé pé àwọn ni àwọn máa tẹ̀ ẹ́.